Bí Ikọ̀ Ṣọ́ọ̀ṣì Láti Òkè Òkun Ṣe Ń Bá Àwọn Bíríkìlà Àgbádárìgì Kọ́lé

Ikọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ti Amẹ́ríkà tàbí ìlú Ọba wá kọ́lé fún aláìní kì í sábà lò ju ọjọ́ 10 sí 14 lọ. Ilé kò mọ̀ pé àlejò ní bàálù tó fẹ́ wọ̀. Kọnkéré nìkan ń fẹ́ ọjọ́ 28 kí agbára rẹ̀ tó pé tó bí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń wọ̀n ọ́n, ká má tíì sọ ti búlọ́ọ̀kù tó gbọ́dọ̀ gbẹ, tàbí ìwé ilẹ̀ tí àwọn àgbà ẹbí ò tíì fọwọ́ sí. Gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí ni bí wọ́n ṣe máa ki ọ̀sẹ̀ méjì àwọn àlejò bọ inú iṣẹ́ tó ń gba oṣù mélòó kan, tí iṣẹ́ ò sì ní bàjẹ́.

Ìlú Àgbádárìgì ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí oníṣọ́ọ̀ṣì tó ń kọ́lé. Ọdún 1842 ni wọ́n kọ́kọ́ wàásù lábẹ́ igi Àgíà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì parí ní 1845 sì ṣì dúró ní Marina títí dòní. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ń kọ́ nígbà náà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n fẹ́ gbé ibẹ̀. Pé kí àlejò kọ́lé fún onílé kó sì padà sílé rẹ̀, àṣà tuntun nìyẹn, èyí tí àjọ Habitat for Humanity sọ di ìlú mọ̀ọ́ká. Millard àti Linda Fuller ló dá àjọ náà sílẹ̀ ní Georgia, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1976, lẹ́yìn tí wọ́n ti dán an wò ní Zaire, èyí tí à ń pè ní Kóńgò báyìí, láti 1973. Ìlànà wọn ni pé ẹni tó ni ilé gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó sì máa san owó rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ láìsí èlé, kí wọ́n fi owó náà kọ́ ti ẹlòmíràn. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó kó ètò yìí lò kì í tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Ìsanpadà ni wọ́n sábà máa ń yọ kúrò.

Ilẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kékeré láti ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò ló ń yan ẹni tí wọ́n máa kọ́lé fún, ó lè jẹ́ opó, ó lè jẹ́ ìdílé tí ẹ̀kún omi lé kúrò nílé. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ẹbí, orúkọ opó nìkan lórí ìwé kò tó. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i níṣojú ẹlẹ́rìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ tí páánù bá gorí ilé tán ni àwọn àna rẹ̀ máa rántí pé ilẹ̀ bàbá àwọn ni. Àwọn ọmọ onílẹ̀ náà ńkọ́? Òfin ààbò dúkìá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2016 ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa fipá gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí Òyìnbó lórí ilẹ̀, ohun tí òfin ti mú sùn a máa jí. Ìdí nìyí tí gbogbo ìdúnàádúrà fi gbọ́dọ̀ parí kí àlejò kankan tó dé. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé láti ọ̀dọ̀ LASPPPA, àjọ tó ń fúnni láṣẹ ìkọ́lé ní Ìpínlẹ̀ Èkó, náà gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀, nítorí àwọn LASBCA, àjọ tó ń ṣàbójútó ilé kíkọ́ níbẹ̀, lè wá wo iṣẹ́ ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

Ìpìlẹ̀ ò gbọdọ̀ dúró de àlejò. Ilẹ̀ Àgbádárìgì jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn, ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ibẹ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ kò sì jìn, pàápàá lásìkò òjò. Ẹni tó bá gbẹ́ ìpìlẹ̀ lóṣù Okúdù á gbọ́n omi títí ẹ̀yìn á fi máa ro ó. Ọ̀fìn kan sì wà níbẹ̀: oṣù Keje ni àwọn iléèwé òkè òkun wà lọ́lidé, ìgbà yẹn gan-an ni ikọ̀ máa ń fẹ́ wá, àárín òjò wa sì nìyẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì tó mọ̀ ọ́n ṣe á rọ̀ wọ́n kí wọ́n wá láàárín oṣù Kọkànlá sí Kejì. Bíríkìlà tó sì mọṣẹ́ kì í gba yanrìn etí òkun lọ́wọ́ onítípà, bó ti wù kó rọjú tó, torí iyọ̀ inú rẹ̀ á máa jẹ irin nínú kọnkéré díẹ̀díẹ̀ títí ògiri á fi sán.

Wọ́n á ti mọ búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ ṣáájú. Oní-ínṣì mẹ́sàn-án fún ìpìlẹ̀ àti ògiri ìta, oní-mẹ́fà fún ògiri inú. Wọ́n á máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí oòrùn má baà fa omi inú rẹ̀ gbẹ kí símẹ́ńtì tó le. Ìpìlẹ̀ àti ilẹ̀ kọnkéré tí àwọn bíríkìlà ń pè ní jámánì flóò náà á ti gbẹ.

Nígbà náà ni bọ́ọ̀sì àwọn àlejò tó máa gba Mile 2, Okokomaiko àti Agbara kọjá. Àwọn ọmọ Ògù (Ègùn) àdúgbò á ti máa pariwo “Yovo! Yovo!”, ìyẹn “Òyìnbó! Òyìnbó!”, kí àwọn àlejò tó sọ̀ kalẹ̀. Lórí ilẹ̀ iṣẹ́, Ògù, Yorùbá, pijin àti Faransé a máa dà pọ̀, nítorí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti Benin àti Togo wá kò kéré lágbègbè yẹn. Bíríkìlà àgbà ni ọ̀gá. Dókítà tó wà nínú ikọ̀, lóyà tó wà nínú ikọ̀, lébírà ni gbogbo wọn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ibi tí wọn ò bá ti ṣe é bẹ́ẹ̀, ògiri ló máa ń sọ ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń po símẹ́ńtì yẹ fún wíwò dáadáa. Wọ́n á da yanrìn jọ, wọ́n á tú símẹ́ńtì lé e, wọ́n á fi ṣọ́bìrì yí i ní gbígbẹ, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbẹ́ àárín rẹ̀ bí àwo, kí wọ́n tó bu omi sí i. Àlejò máa ń fẹ́ kí omi pọ̀, torí pé ó ń mú kí yíyí rọrùn lápá. Bẹ́ẹ̀ omi tó pọ̀ jù ló ń sọ símẹ́ńtì di ẹlẹgẹ́ nígbà tó bá gbẹ. “Dádì, ó tó! Ó tó!” ni ọ̀dọ́ lébírà kan á máa sọ fún bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún tó gbé kẹ́ẹ̀gì dání.

Ní ti títò, igun ilé ni bíríkìlà kì í fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òun ló máa to búlọ́ọ̀kù igun, á na okùn láti igun kan dé èkejì, á fà á le, lẹ́yìn náà ni á jẹ́ kí àlejò máa to ti àárín. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan lé e, á fi ìdí tírówẹ̀lì kàn án lórí títí tó fi bá okùn dọ́gba. Ògiri kì í ju ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ lóòjọ́, kí símẹ́ńtì tútù má baà tẹ̀ lábẹ́ ẹrù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ògiri tó gùn ní mítà 3, tó ga ní mítà 3, gba nǹkan bí búlọ́ọ̀kù 90. Bíríkìlà kan àti lébírà rẹ̀ lè to bíi 100 lóòjọ́. Ilé oníyàrá méjì tó jẹ bíi 1,100, bíríkìlà mẹ́rin á gbé ògiri rẹ̀ dúró láàárín ọ̀sẹ̀ kan láìsí Òyìnbó kankan níbẹ̀. Òtítọ́ yìí ò dùn mọ́ àwọn kan. Kurt Ver Beek, onímọ̀ nípa àwùjọ, ṣèwádìí ní Honduras, orílẹ̀-èdè kan ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, lórí àwọn ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ìjì Mitch ti 1998. Ilé kan ná wọn ní nǹkan bíi 2,000 dọ́là; ikọ̀ kan tó wá láti òkè òkun ń ná bíi 30,000 dọ́là lórí ìrìn àjò. Kò sì rí ìyàtọ̀ gidi nínú ayé àwọn tó gba ilé, yálà àlejò ló bá wọn kọ́ ọ tàbí ọmọ ìlú.

Kí wá ni àlejò wà fún? Owó ni àkọ́kọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìrìn àjò ló ń mú kí wọ́n dá owó símẹ́ńtì. Ibi tí ètò ti máa ń ṣàṣìṣe jù ni owó iṣẹ́ òòjọ́. Ọjọ́ tí àlejò ogún bá gbé búlọ́ọ̀kù lọ́fẹ̀ẹ́, lébírà tó yẹ kó gbé e á lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ọ̀wẹ̀ tiwa ò rí báyìí: ẹni tó wá bá ọ kọ́lé lónìí mọ̀ pé wàá wá bá òun lọ́la, ìwọ lo sì máa bọ́ ọ. Àlejò ò ní ọ̀la yẹn láti fi sanpadà. Torí náà, ìgbìmọ̀ tó gbọ́n máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé lébírà kọ̀ọ̀kan gba owó rẹ̀ pé ní ìrọ̀lẹ́, yálà àlejò ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣe, kí wọ́n sì pín wọn ní méjìméjì, àlejò kan, lébírà kan.

Nígbà tí bàálù bá gbé wọn lọ, líńtẹ̀lì (kọnkéré orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé), òrùlé, rírẹ́, fèrèsé àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ilé ti máa ń dúró sójú kan, tí koríko á hù nínú pálọ̀. Ọ̀nà tó dáa jù ni kí owó òrùlé ti wà ní báńkì kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, pẹ̀lú ènìyàn méjì tó máa fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó gbà á. Nítòsí òkun, páánù alumíníọ́mù dáa ju ti irin lọ, torí atẹ́gùn oníyọ̀ tètè ń mú kí irin dípẹtà. Káfíńtà á gba ìdajì owó rẹ̀ nígbà tó bá gbé igi sókè, á sì gba ìyókù lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, bí ilé ò bá jò.