Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò ajá yín kí físà tó jáde

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń múra àtilọ sí ìlú òyìnbó láti Ilé-Ifẹ̀ níbí kì í rántí ajá wọn títí físà yóò fi jáde, ìgbà náà ni wọ́n ń sáré wá bá àwa dókítà ẹranko pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó rárá. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ń lọ, ètò tí ìjọba ibẹ̀ là sílẹ̀ fún ajá àti ológbò tó bá ti Nàìjíríà wá ń gba oṣù mẹ́rin ó kéré tán, kò sì sí iye owó tí ẹ lè san láti gé e kúrú.

Àrùn dìgbòlugi ló fà á, nítorí ó ṣì ń pa ènìyàn àti ẹranko lórílẹ̀-èdè wa. A ó kọ́kọ́ fi máíkróṣíìpù, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ nínú, tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, sábẹ́ awọ ẹranko náà, lẹ́yìn náà ni a ó gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, nígbà tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán. Abẹ́rẹ́ tí a bá gún ṣáájú máíkróṣíìpù kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn, torí kò sí ohun tó fi hàn pé ajá tí wọ́n gún nígbà náà ni ẹ gbé dé. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, a ó dúró fún ọjọ́ 30, ó kéré tán, kí a tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò tí wọ́n fọwọ́ sí; èsì rẹ̀, tó ń fi hàn bí abẹ́rẹ́ náà ṣe ṣiṣẹ́ tó nínú ẹ̀jẹ̀, gbọ́dọ̀ tó 0.5 IU/ml, láti ọjọ́ tí a gba ẹ̀jẹ̀ yẹn ni a ó sì ti ka oṣù mẹ́ta gbáko. Ajá tún gbọ́dọ̀ lo oògùn aràn lọ́wọ́ dókítà láàárín wákàtí 24 sí 120 kí ó tó gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ológbò kò nílò èyí. Lọ́dọ̀ NAQS, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìwọlé àti ìjáde ẹranko àti ohun ọ̀gbìn, ni ẹ ó ti gba ìwé ìjáde rẹ̀. Ẹni tó bá ní irú ajá tí wọ́n ń pè ní XL Bully tàbí pit bull, kí ó má wulẹ̀ náwó, nítorí òfin ibẹ̀ kà wọ́n léèwọ̀.

Ìwé kọ́ ló ń ká mi lára jù. Ajá tí ń ṣọ́ ọgbà ní Modákẹ́kẹ́, tí a ń tú sílẹ̀ lóru, tí ń gbó ẹnikẹ́ni tó bá kọjá, tí kò sì wọ yàrá rí, ni a fẹ́ gbé lọ sínú fúláàtì òkè kẹta, níbi tí aládùúgbò ti lè fẹjọ́ gbígbó rẹ̀ sùn, tí ẹni tó mú un jáde sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀rá kó ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi oṣù mẹ́ta ìdúró náà kọ́ ọ. Ẹ mú un wọlé, ẹ jẹ́ kí okùn ọrùn mọ́ ọn lára, kí ó sì mọ̀ pé ìta ni a ti ń yàgbẹ́. Ẹ ra kéèjì rẹ̀ báyìí, èyí tí ó lè dìde dúró nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé orí rẹ̀ kan òkè, tí ó lè yípo, tí ó sì lè nà gbalaja. Ẹ gbé e sí pálọ̀, ẹ ṣílẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ máa gbé oúnjẹ rẹ̀ sínú rẹ̀ títí yóò fi máa wọlé fúnra rẹ̀ lọ sùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó máa ti ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ́ ọ kí ó máa mu omi nínú abọ́ tí a so mọ́ ilẹ̀kùn náà, nítorí ajá tí agbada ẹ̀yìnkùlé nìkan mọ́ lára lè fi òùngbẹ parí ìrìn-àjò. Ẹ má ṣe fún un ní oògùn oorun nítorí ọkọ̀ òfurufú: ó lè dín mímí rẹ̀ kù, kò sì sí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ níbi ẹrù.

Ní ti òtútù, gígùn àti kíkúrú ojúmọ́ ló ń sọ fún ara ajá pé kí ó hu irun púpọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni èyí sì ń gbà. Ajá tó bá ti ibi tí ojúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà bọ́ sínú yìnyín lóṣù kìn-ín-ní kò ní àǹfààní yẹn. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kó dé lóṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà. Ajá ìbílẹ̀ wa tí irun rẹ̀ kúrú yóò ṣì nílò súwẹ́tà. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì máa ń ta á lẹ́sẹ̀, nítorí náà ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹ bá ti wọlé. Omi tí wọ́n ń dà sínú mọ́tò kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ má bàa dì ló léwu jù, nítorí adùn rẹ̀ ń fa ẹranko mọ́ra, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Bí ajá tàbí ológbò bá lá a, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ní wákàtí yẹn gan-an, kó tó ṣe àìsàn kankan.

Eégbọn ni ẹ ó mójú tó kẹ́yìn kí ẹ tó gbéra. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tí eégbọn máa ń kó ran ajá lè sá pamọ́ sára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ó wá yọjú nígbà tí ìrìn-àjò àti òtútù bá ti tán an lókun, tí ibà yóò mú un, tí èrìgì rẹ̀ yóò sì funfun. Dókítà ibẹ̀ lè má kọ́kọ́ ronú kàn án. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà níbí, kí ẹ mú èsì rẹ̀ dání, kí ẹ sì sọ fún dókítà tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé Nàìjíríà ni ajá yín ti wá.