Tíìpù nílé oúnjẹ Amẹ́ríkà: ara owó iṣẹ́ wétà ni

Àwọn èèyàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé Houston máa ń bi mí pé, "Ṣé dandan ni kí n fún wétà lówó?" Òfin kò sọ ọ́ di dandan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń sanwó fún wétà kò ní béèrè mọ́. Mo ti ṣe iṣẹ́ wétà nílùú yìí kí n tó di mánéjà, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín.

Owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ dọ́là 7.25 fún wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ló sì wà láti ọdún 2009. Òfin yìí kan náà ló gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti san dọ́là 2.13 péré fún ẹni tó ń gba tíìpù, ìyẹn owó ọpẹ́ tí oníbàárà ń fún wétà, kí tíìpù oníbàárà wá dí ìyókù. Láti 1991 ni 2.13 yẹn ti dúró sójú kan. Bí tíìpù kò bá dí i, ọ̀gá ni òfin ní kó fi tirẹ̀ kún un. Texas tí a wà yìí ń lo 2.13 náà. California, Washington àti Minnesota wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí kò gbà á. Níbẹ̀, wétà á gba owó iṣẹ́ rẹ̀ pé kí tíìpù tó dé rárá.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kò mọ̀, òun ló sì ń dùn mí jù. Ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ, wétà máa ń yọ nínú tíìpù rẹ̀ fún ẹni tó ń po ọtí àti ẹni tó ń palẹ̀ tábìlì mọ́. Níbi púpọ̀, iye ọjà tó tà ni wọ́n fi ń ṣírò ohun tó máa yọ, kì í ṣe iye tíìpù tó gbà. Ẹ jẹ́ ká ní dọ́là 4 ni nínú 100. Ìdílé kan jẹun dọ́là 150, wọ́n dúpẹ́, wọ́n súre fún wétà, wọ́n dìde láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Dọ́là 6 ti jáde lápò rẹ̀ nìyẹn, látinú ohun tí àwọn tábìlì mìíràn fún un. Ó sìn wọ́n, ó tún sanwó lé e.

Èló wá ni kéèyàn fi sílẹ̀? Níbi tí ẹ bá ti jókòó tí wọ́n gbé oúnjẹ wá bá yín, dọ́là 18 sí 20 nínú 100 là ń retí. 15 ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ orí káńtà lẹ ti ra oúnjẹ gbé lọ, kò pọn dandan, bí ẹ̀rọ tilẹ̀ béèrè.

Ẹ wo bíìlì kan. Oúnjẹ 64.00, owó orí ọjà ní Houston jẹ́ 8.25 nínú 100, ìyẹn 5.28, gbogbo rẹ̀ 69.28. Wétà á gbé káàdì yín lọ, á sì mú un padà pẹ̀lú ìwé méjì tí ìlà méjì ṣófo lórí wọn. Orí 64 ni kí ẹ ti ṣírò, torí ìjọba ló ni owó orí. Ẹni tó bá ti mọ ìdámẹ́wàá yọ ti mọ̀ ọ́n: ìdámẹ́wàá 64 ni 6.40, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 12.80. Ẹ kọ ọ́ sí ìlà tíìpù, ẹ kọ 82.08 sí ìlà àpapọ̀, ẹ buwọ́ lù ú. Ìwé tí wọ́n kọ "customer copy" sí ni tiyín. Bí ẹ bá ṣèèṣì gbé èyí tí ẹ buwọ́ lù lọ, tíìpù yẹn lè má dé ọwọ́ wétà. Bí báǹkì bá sì kọ́kọ́ fi 69.28 hàn, tó wá di 82.08 lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, kò sẹ́ni tó jà yín lólè. Ẹ̀yìn tí ẹ bá lọ la máa ń fi tíìpù kún un.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ wò ó bóyá "gratuity", orúkọ mìíràn fún tíìpù, ti wà lórí bíìlì. Bí ẹ bá tó mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, bíi níbi ọjọ́ìbí, ilé oúnjẹ púpọ̀ máa ń fi 18 tàbí 20 kún un fúnra wọn. Ẹ má san án lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ọbẹ̀ bá níyọ̀ jù, ilé ìdáná ló ṣẹ̀ yín. Ẹ sọ fún wétà nígbà tí ẹ tọ́ ọ wò, kì í ṣe lẹ́yìn tí abọ́ ti mọ́ féfé, kí ẹ sì ní kó pe mánéjà. A ó pààrọ̀ rẹ̀ tàbí ká yọ owó rẹ̀ kúrò. Bó bá jẹ́ wétà fúnra rẹ̀ ló rí yín fín, ẹ dín tíìpù kù, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún mánéjà. Bí ẹ bá dákẹ́, a kò lè tún un ṣe. Pípòṣé tàbí títa ìka pe wétà kò bójú mu. Ẹ gbọ́wọ́ sókè díẹ̀, ó ń wò yín. Bó bá tètè gbé bíìlì wá, kò lé yín, àṣà ibí ni.

Ilé oúnjẹ àwọn èèyàn wa ní òpópónà Bissonnet nílùú yìí kò yàtọ̀. Òfin kan náà ló de ọmọ tó gbé àmàlà fún yín, bó tilẹ̀ kúnlẹ̀ kí yín, tó pè yín ní Mọ́mì àti Dádì. Àwọn tó bá ti London wá ló sábà máa ń gbàgbé, torí lọ́hùn-ún owó iṣẹ́ ìsìn, bíi 12.5 nínú 100, sábà máa ń wà lórí bíìlì kó tó dé ọwọ́ wọn.

Ẹ sì lè fún un ní káàṣì bó bá wù yín. Èmi tí mo jẹ́ mánéjà, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018 kò gbà kí n mú nínú tíìpù tí ẹ fún wétà. Ẹ kàn kọ "cash" sí ìlà tó ṣófo yẹn, kí wétà lè mọ̀ pé ẹ kò gbàgbé òun.