Ta ló ń dá kọ̀ǹpútà àtijọ́ dúró?

Bí kọ̀ǹpútà ilé bá ti ń lọ bí ìgbín, ohun tí gbogbo ayé máa ń sọ ni pé kí wọ́n fi RAM, ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí, kún un. Ẹni tó ń tà á sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó mọ kọ̀ǹpútà nínú ilé sọ bẹ́ẹ̀. Owó á bá a lọ, ẹ̀rọ kò ní yí padà, wọ́n á wá gbà pé processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, ló ti darúgbó. Processor kì í darúgbó bẹ́ẹ̀. Eré tó ń sá lọ́jọ́ tí wọ́n rà á náà ló ń sá lónìí, àfi bí ooru bá ń dí i lọ́wọ́.

Dell OptiPlex 7010 tó jáde ní 2012 ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó pọ̀ lórí àtẹ àwọn tó ń ta tókunbọ̀ ní Ọ̀tígbà, Ìkẹjà. Ẹ má kàn dárúkọ rẹ̀ lásán bí ẹ bá ń ra nǹkan fún un o: ní 2023, Dell tún fi orúkọ kan náà sọ kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò bá a tan. Ká ní èyí tó wà níwájú wa ní processor i5-3470, RAM 4 GB àti hard disk 500 GB, ibi tí Windows àti gbogbo fáìlì ń gbé.

Kí owó tó jáde lápò, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ jẹ́rìí. Ẹ tàn án, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager ṣí, ẹ lọ sí Performance, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú méjì wò ó. Ohun tí ẹ ó rí ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni pé Disk wà ní 100%, nígbà tí CPU, ìyẹn processor, ń rìn gbẹ̀rẹ̀ ní 10 tàbí 15%. Processor kò rẹ̀ rárá. Ó ń retí ẹrù ni.

Ẹ wò ó bí ilé ìdáná ìyá olóúnjẹ. Ìyá tó ń sebẹ̀ ni processor. Tábìlì iwájú rẹ̀ ni RAM: ohun tó bá wà níbẹ̀, ó kàn nawọ́ mú un ni. Yàrá ẹrù ẹ̀yìnkùlé ni disk, ọmọ kan ṣoṣo ló sì ń rán lọ síbẹ̀. Nínú hard disk, yàrá náà tún ní àrà kan: àwọn pẹpẹ inú rẹ̀ ń yí po láìdúró. Ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sáré dé ìlà tí ẹrù wà, kó tún wá dúró kí ẹrù náà yí dé iwájú rẹ̀. Disk ń yí ní ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 120 ní sẹ́kọ́ńdù. Ìyípo kan gba mílísẹ́kọ́ńdù 8.3, ìdúró ọmọ náà sì jẹ́ ìdajì rẹ̀ ní ìpíndọ́gba, 4.2. Eré tó sá dé ìlà náà jẹ́ bíi 9. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní 13, tó túmọ̀ sí pé kò lè jẹ́ ju iṣẹ́ bíi 75 lọ ní sẹ́kọ́ńdù kan. Bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá mú 4 KB bọ̀, 300 KB péré ló dé ọwọ́ ìyá. Bẹ́ẹ̀ disk kan náà ń kó ju 100 MB lọ ní sẹ́kọ́ńdù bí ẹ bá ń da fíìmù gígùn kan kọ, nítorí nígbà náà ọmọ dúró sójú kan, pẹpẹ ló ń kọjá níwájú rẹ̀. Nọ́ńbà ńlá yẹn ni àwọn tó ń polówó máa ń sọ. Títan Windows kò rí bíi fíìmù: ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ni, tí wọ́n fọ́n ká gbogbo yàrá.

Kí ìyà tó ń jẹ ìyá yìí lè yéni, ká ní ìgbésẹ̀ kan processor náà, tó ń gbé bílíọ̀nù 3.2 irú rẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdù, di sẹ́kọ́ńdù kan gbáko. Ohun tó wà lórí tábìlì á gba bí ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó wà nínú SSD, disk ìgbàlódé tí kò ní ohun tó ń yí nínú, á gba bí ọjọ́ mẹ́rin. Èyí tó wà nínú hard disk á gba nǹkan bí ọjọ́ 480. Ẹ rán ọmọ níyọ̀, ó dé lẹ́yìn ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, ata sì tún kù. Láràárọ̀, antivirus, Windows Update àti Chrome ló jọ ń rán ọmọ kan náà, kálukú sí igun tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ RAM ti ń rú ni lójú nìyí. Tábìlì ńlá kò lè mú kí ẹsẹ̀ ọmọ yá. Bó ti wù kí tábìlì fẹ̀ tó, inú yàrá ni iyọ̀ ti máa kọ́kọ́ wá, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó ní RAM 16 GB pẹ̀lú hard disk ṣì fi ń jí tìnira-tìnira. Ṣùgbọ́n bí tábìlì bá kún, Windows a máa kó ìkòkò tí kò sí lórí iná padà sí yàrá, sínú fáìlì tó ń jẹ́ pagefile, ọmọ yẹn náà ló sì ń gbé e lọ, gbé e bọ̀. Àìtó RAM á wá fara hàn bíi Disk 100%. Ẹni tó ní 2 GB, tó fi 4 GB kún un, rí ìyàtọ̀ lóòótọ́; ìròyìn rẹ̀ ló dé etí ẹni tó ti ní 8 GB tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ wo Memory pẹ̀lú. Bí kò bá tó 70% tí Disk sì kún, disk nìkan lẹ ó pààrọ̀. Bó bá ju 85% lọ, méjèèjì ni, ṣùgbọ́n disk ni kó ṣáájú.

Nínú SSD, kò sí ọmọ, kò sí ìyípo. Iná ni wọ́n fi ń pe ẹrù, kò sì sí igun tó jìnnà ju igun kan lọ: ìdá kan nínú mẹ́wàá mílísẹ́kọ́ńdù, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ihò SATA inú 7010, ibi tí disk ti ń wọ ara rẹ̀, kò lè gbà ju bí 550 MB lọ ní sẹ́kọ́ńdù, àwọn kan sì máa ń fojú tín-ín-rín ìyẹn, wọ́n á ní NVMe, irú SSD tí kì í gba ihò SATA, tó ń sá 3,500 ló yẹ ká rà. Ẹ̀rọ yìí kò ní ihò M.2 tí NVMe ń wọ̀, BIOS rẹ̀ (ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó gbéra) kò sì mọ bí a ṣe ń ti ara NVMe gbéra, bí ẹ bá tilẹ̀ fi káàdì ìsopọ̀ kì í bọ ihò PCIe. Adùn tí ojú ń rí wà nínú mílísẹ́kọ́ńdù 13 tó di 0.1. Ìyókù, aago nìkan ló ń rí i.

SATA gan-an ló yẹ kí wọ́n máa yìn. Láti 2003 tó ti jáde, ẹnu rẹ̀ kò yí padà, ìdí nìyẹn tí disk tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí fi ń wọ ara kọ̀ǹpútà 2012 wọ́ọ́rọ́. Ẹ fi wé àwọn láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ òde òní tí wọ́n jó RAM mọ́ pátákó wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ kó Windows tó wà nílẹ̀ lọ sínú SSD, ẹ kọ́kọ́ fi áàpù CrystalDiskInfo wo ìlera hard disk. Bí ó bá kọ Caution nítorí Current Pending Sector, ìyẹn àwọn ibi tí disk kò rí kà dáadáa mọ́, ẹ da àwọn ìwé àti fọ́tò yín kọ síbòmíràn lọ́jọ́ náà gan-an. Clonezilla, áàpù tó ń da odindi disk kan kọ sínú òmíràn, kì í fẹ́ kí ibi tí ẹrù ń lọ kéré ju ibi tó ti ń bọ̀, nítorí náà disk 500 GB kò ní wọ SSD 480 GB, àní bó jẹ́ pé 60 GB péré ni ẹrù inú rẹ̀. Ẹ ra 512 GB, tàbí kí ẹ fi Windows tuntun sí 240 GB. SSD tí wọ́n kọ 2 TB sí, tí owó rẹ̀ kò tó ti 256 GB, irọ́ ni: ó ń fi fáìlì tuntun pa ti àtijọ́ rẹ́ láìsọ̀rọ̀. Áàpù H2testw á kọ ọ́ kún, á sì kà á padà, ibẹ̀ ni àṣírí ti máa tú.

Ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtànná mọ́lẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdù márùn-ún, kí ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú. Ẹ ki SSD bọ SATA0 tàbí SATA1. Ìdajì eré wọn ni àwọn yòókù ń sá. Bí kò bá sí férémù tó máa gbé e, téèpù alẹ̀mẹ́yìn méjì tó, nítorí kò sí ohun tó ń mì nínú rẹ̀. Tí ẹ bá tàn án, ẹ tẹ F2 kí BIOS ṣí. Bó jẹ́ pé àdàkọ Windows àtijọ́ ni, ẹ má fọwọ́ kan SATA Operation, ibi tí wọ́n ti ń yan ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà bá disk sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá yí i láti RAID On sí AHCI yóò bá ojú búlúù pàdé, pẹ̀lú INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE. Ẹ dá a padà, á gbéra.

RAM rẹ̀ ni DDR3 ẹlẹ́sẹ̀ 240, tí wọ́n kọ PC3-12800U sí. Èyí tó parí sí R, ti server, kọ̀ǹpútà ńlá iléeṣẹ́, ni, ó pọ́ọ́kú, kò sì ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ AMD sí náà, ẹ fi sílẹ̀. Ẹyọ 4 GB méjì nínú ihò méjèèjì tí etí wọn funfun sàn ju ẹyọ 8 GB kan lọ, torí ọ̀nà méjì ni ẹrù á máa gbà. Bí kò bá tàn lẹ́yìn náà, ẹ yọ wọ́n, ẹ fi ẹrésà nu ẹsẹ̀ wọn, kí ẹ sì tì wọ́n títí wọn yóò fi ró kọ̀ọ́.

Ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Processor i7-3770 wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, àwọn tó ń to fídíò nìkan ló máa mọ̀ ọ́n lára. Bí aago bá ń padà sẹ́yìn, bátìrì CR2032 ló ti kú. Windows 11 ní tirẹ̀ kò gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú processor Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ, tí tiwa yìí wà lára wọn, àtìlẹ́yìn Windows 10 sì ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, ni wọ́n bá ń pe ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yára yìí ní arúgbó. Linux Mint, tí a lè fi rọ́pò Windows, kò bi í léèrè ọjọ́ orí.

Ẹ má ju hard disk àtijọ́ náà nù bí ìlera rẹ̀ bá ṣì dára. Ẹ dá a padà sínú àpótí, sí SATA2, kí ẹ kó fíìmù àti fọ́tò sínú rẹ̀, níbi tí ọmọ náà á ti dúró sójú kan tí pẹpẹ á máa kọjá.