Ọ̀sẹ̀ tó di ọjọ́ méje: bí lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe di àṣà wa

Ẹ bi ọmọdé léèrè lónìí pé kí ni ọ̀sẹ̀, á ní ọjọ́ méje ni. Ẹ bi olórìṣà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, á ní ọjọ́ tí òun ń bọ òrìṣà òun ni. Olórìṣà ló ni ọ̀rọ̀ náà. Àwọn onígbàgbọ́ yá a lò, wọn ò sì dá a padà mọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn baba wa ń kà: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó, a tún padà sí ti Ọbàtálá. Wọ́n ń ka ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ èyí tí wọ́n parí sí, ìdí nìyẹn tí ọjà tó ń ná lọ́jọ́ mẹ́rin mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọrún, ìyẹn ọjà ọjọ́ márùn-ún. Bí ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá bá pé, ẹni tó ń sìn ín á wọ funfun, á pọn omi tuntun sójúbọ, á da obì. Kò sẹ́ni tó ń lé e lọ. Nítorí náà, nígbà tí ìsìn Kristi dé, tó ní kéèyàn máa wá síwájú Ọlọ́run lọ́jọ́ kan pàtó, ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa. Ìṣirò rẹ̀ ló yàtọ̀, àti pé ká jókòó pọ̀ lójú kan ká máa gbọ́ ìwé tí wọ́n ń kà. Ọjọ́ méje pàápàá, àwọn Mùsùlùmí ti ń kírun Jímọ̀ láàárín wa kí àwọn òyìnbó oníwàásù tó dé.

Ilẹ̀ Yorùbá kọ́ ni ìsìn lédè Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀. Freetown ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ni, láàárín àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú. Àjàyí Crowther wà lára wọn: wọ́n kó o ní Òṣogùn lọ́dún 1821, ó rí òmìnira lọ́dún 1822, wọ́n sì yàn án sí iṣẹ́ àlùfáà ní London lọ́dún 1843. Lọ́jọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844 ló wàásù lédè Yorùbá nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Freetown, láti inú Ìhìnrere Lúùkù, àwọn èèyàn sì ń fi “Kí ó ṣẹ” dáhùn àdúrà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ìsìn tó bí gbogbo Sọ́ńdè wa, àárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n bí òun fúnra rẹ̀.

Àwọn Sàró tó ń padà wálé ló gbé àṣà náà bọ̀. Wọ́n ti wà ní Abẹ́òkúta kí àlùfáà kankan tó fìdí kalẹ̀ níbẹ̀. Thomas Birch Freeman ti Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ oníwàásù àwọn Áńgílíkà, náà sì dé kí ọdún yẹn tó parí. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Townsend àti Crowther tó wọ Abẹ́òkúta láti wá dúró, ó ti di 1846, Ṣódẹkẹ́ sì ti kú. Crowther kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀ tó fi rí Àfàlá, ìyá rẹ̀, tí kò fojú kàn fún nǹkan bí ọdún 25. Lọ́dún 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi.

Ọjà ni ìjà wà. Ọjà ọrún máa ń bọ́ sí Ọjọ́ Àìkú lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 28. Ìyá tó ń ta aṣọ tàbí epo mọ ohun tó ń pàdánù lọ́jọ́ yẹn, ó sì mọ̀ pé orogún òun tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń tà ní tirẹ̀. Mi ò rò pé ìwàásù nìkan ló mú un dúró. Ṣọ́ọ̀ṣì ń fún un ní ìwé: àgbà àti ọmọdé jọ ń kọ́ ABD ní ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ìwé kíkà kò ṣeé kọ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹni tó bá pa Sọ́ńdè mẹ́ta jẹ, á bá àwọn yòókù níwájú.

Ọjọ́ Àìkú náà ni ìdánwò ńlá dé. Lọ́jọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1867 ni wọ́n fọ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn oníwàásù ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n kó wọn lẹ́rù lọ; Ìfọ́lé ni wọ́n ń pè é títí dòní. Àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sá wá sí Èkó, wọ́n tẹ̀dó sí Ẹ̀búté-Mẹ́ta. Àmọ́ ìjọ Abẹ́òkúta kò tú. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ló ń darí ìsìn fúnra wọn, nítorí ogún ọdún ni wọ́n ti fi ń ṣe é, ẹsẹ̀ wọn ti mọ ọ̀nà.

Ohun kan ṣẹ́kù tí àwọn èwe kì í fẹ́ gbọ́: owó kíláàsì, owó tí ọmọ ìjọ ń san fún ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Lọ́dún 1742, gbèsè ilé ìsìn wọ àwọn ọmọlẹ́yìn John Wesley, ẹni tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, lọ́rùn. Wọ́n pín ara wọn sí ọ̀wọ́ ẹni méjìlá méjìlá, aṣáájú kọ̀ọ̀kan á sì máa gba pẹ́nì kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Bí àwọn aṣáájú ti ń ya ojúlé kiri ni wọ́n ń rí ẹni tó ń bá ìyàwó jà, ẹni tó ti padà sídìí ọtí. Owó ni wọ́n wá gbà, ìtọ́jú ọkàn ni wọ́n bá délé. Mẹ́tọ́díìsì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn Áńgílíkà náà ń gbà á. Nílé wa, ibojì ló wá so mọ́: ẹni tí káàdì owó kíláàsì rẹ̀ bá ṣófo, àlùfáà lè má yọjú síbi òkú rẹ̀. Mo ti rí ìdílé tó jókòó ti akọ̀wé ìjọ, tí wọ́n ń san gbèsè kíláàsì bàbá wọn ọdún dé ọdún, tí pósí sì wà lẹ́nu ọ̀nà.