Bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì katakata kékeré

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tápẹ́ẹ̀tì katakata kékeré, ìyẹn títún àlàfo fáàfù ṣe (fáàfù ni ìdérí tó ń ṣí tó sì ń pa fún afẹ́fẹ́ àti èéfín), ò lè fi kọ́kọ́rọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Wàrà ni sítátà máa ń yí ẹ́ńjìnnì, kì í dúró síbi téèyàn fẹ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yìí ń fẹ́ kí písítìn kan, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà, dúró sókè téńté títí wọ́n á fi wọn àlàfo fáàfù tán. Ọwọ́ ló lè ṣèyẹn. Ọwọ́ náà ló sì máa ń tètè mọ̀ tí nǹkan kan bá ti ń há nínú ẹ́ńjìnnì, torí sítátà lágbára débi pé ó máa fipá gbé e kọjá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Bátìrì ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ wáyà rẹ̀, ẹsẹ̀ négétífù. Ìka tó wà láàárín bẹ́ẹ̀tì àti púlì nígbà tí ẹlòmíì ṣèèṣì yí kọ́kọ́rọ́, ó ti lọ nìyẹn. Jíà á wà ní níútírà, wọ́n á pa PTO (ọ̀pá tó ń fi agbára ẹ́ńjìnnì yí ohun èlò tí wọ́n so mọ́ katakata), wọ́n á fa hándíbíréèkì, wọ́n á sì fi ohun tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì sípò pípa kí dísù má lọ sínú. Èyí ṣe pàtàkì o, torí ẹ́ńjìnnì dísù ò nílò iná kọ́kọ́rọ́ kó tó jó, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ títí tó fi gbóná ló ń tanná sí dísù.

Bóòtù ńlá tó wà láàárín púlì kíráǹkì (kíráǹkì ni ọ̀pá tí písítìn ń yí), nísàlẹ̀ lẹ́yìn rédíétọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yí i. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá orí bóòtù mu rẹ́gí ni kí wọ́n lò, kì í ṣe sípánà tó ń ṣe jọ́gẹ́jọ́gẹ́. Téèyàn bá kọjú sí púlì, bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ń yí, ọ̀nà yẹn náà sì ni bóòtù fi máa ń le sí i, ẹni tó bá wá ń yí i sẹ́yìn lè tú bóòtù láìmọ̀ kó máa rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń yí. Àwọn kan máa ń di fáànù mú kí wọ́n fi yí i, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀tì á kàn máa yọ̀ ni, apá fáànù náà á sì ṣẹ́. Àwọn míì ń ti irin bọ eyín fláìwíìlì, kẹ̀kẹ́ irin wíwúwo tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ tí àyè bá há níwájú, àmọ́ eyín tó bá ya, sítátà ló máa jìyà rẹ̀ tó bá yá.

Wàyí o, ibi tí ọwọ́ ti máa ń rẹ èèyàn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísù kékeré, afẹ́fẹ́ tó kún sílíńdà, wọ́n ń fún un pọ̀ títí kó fi kù bí ìdá kan nínú 20. Ńṣe ló dà bí ẹní ń ti tìmùtìmù, ó ń le bọ̀, ó ń le bọ̀, téèyàn bá sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí ò jẹ́ kó padà, afẹ́fẹ́ á máa yọ́ jáde, á dún ṣíìì, á wá rọ̀. Ẹni tó bá jọ̀wọ́ ẹ̀ lójijì, ọwọ́ sípánà á fò padà gbá a. Láti fún ara ẹni ní ìrọ̀rùn, wọ́n ń tú hítà púlọ́ọ̀gì, ohun tó ń mú inú sílíńdà gbóná kí ẹ́ńjìnnì lè jó, ní gbogbo sílíńdà (kí wọ́n fẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ihò kúrò kí wọ́n tó tú u o), lẹ́yìn ìyẹn ó máa yí wẹ́rẹ́. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan ní ọwọ́ kékeré tó ń gbé fáàfù sókè díẹ̀ fún iṣẹ́ yìí gan-an.

Àmì tó ń sọ pé písítìn àkọ́kọ́ ti dókè máa ń wà lára fláìwíìlì tàbí lára púlì. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Kíráǹkì máa ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí sílíńdà tó parí iṣẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kámù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, sì ń yí lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni àmì yẹn ń yọjú, ọ̀kan ṣoṣo ló wúlò. Rọ́kà, irin tó ń tẹ fáàfù kó lè ṣí, ló máa ń sọ èyí tó jẹ́. Tí wọ́n bá fìka mi rọ́kà méjèèjì sílíńdà yẹn, tí méjèèjì ń mì díẹ̀díẹ̀, fáàfù ti pa nìyẹn, ó ti tó wọ̀n. Tí wọ́n bá le, tí ọ̀kan ń pa bọ̀ tí èkejì ń ṣí lọ, kí wọ́n yí i ní odindi yíyí kan sí i. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 3 ń gbé iṣẹ́ fún èyí tó kàn lẹ́yìn dígíríì 240, àmọ́ àwọn kan ń lọ 1-2-3, àwọn kan 1-3-2, ìwé ẹ́ńjìnnì ló máa sọ. Àlàfo rẹ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 0.2 mm pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tútù, ìwé náà ni wọ́n á tún tẹ̀ lé. Géèjì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, gbọ́dọ̀ wọlé, kó sì fà díẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń yọ bébà kúrò lábẹ́ ìwé. Àlàfo tó bá fún jù, fáàfù ò ní pa dáadáa, iná á jẹ ẹ́.

Ṣíìì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ó tún ń sọ̀rọ̀ tí hítà púlọ́ọ̀gì bá ṣì wà níbẹ̀. Tó bá ń dún látinú sálẹ́ńsà, fáàfù èéfín ló ń jò. Tó bá jẹ́ ẹnu ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, ríìnì, òrùka tó yí písítìn ká, ni.

Tí ẹ́ńjìnnì bá wá dúró gbọin, tí kò ṣe bíi tìmùtìmù àmọ́ tó dà bí ògiri, kí wọ́n má wá páìpù gígùn kún ọwọ́ sípánà. Omi tàbí dísù lè ti kún orí písítìn, ohun olómi ò sì ṣeé fún pọ̀, kọ́ńrọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kíráǹkì, ló máa wọ́. Wọ́n á tú hítà púlọ́ọ̀gì, wọ́n á gbé ojú kúrò níbẹ̀, wọ́n á yí i, omi á tú jáde fẹ̀ẹ́. Èyí tí ò mira níbì kankan rárá, ó lè jẹ́ ìpẹtà ló so ríìnì mọ́ sílíńdà, wọ́n á rọ ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú ihò, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á wá máa mì í síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á tún fọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀mejì gbáko, wọ́n á tún àlàfo wọ̀n. Kí wáyà bátìrì tó padà, kí wọ́n yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lórí bóòtù kíráǹkì, torí èyí tí wọ́n bá gbàgbé síbẹ̀, rédíétọ̀ ló máa lọ kọlù.