Omi ara adìẹ kì í há sínú

Bí mo bá tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i pé "kọ́kọ́ dín in kí ojú rẹ̀ pọ́n, kí omi ara rẹ̀ lè há sínú," àfi kí n pa iná kí n jáde ní kíṣínì. Bóyá ni ẹ máa rí ẹni tó ń kọ́ni bí a ṣe ń se adìẹ oníbọ́tà àti aáyù tí kò ní sọ ọ́. Wọ́n á gbé itan adìẹ lé páànù gbígbóná, yóò dún ṣàà, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ariwo yẹn ńkọ́? Òróró nìkan kì í ké. Omi tó bá kan òróró gbígbóná ló ń ké. Bí omi adìẹ bá ti há sínú lóòótọ́, ó yẹ kí páànù dákẹ́ nígbà tí ojú ẹran bá ti pọ́n. Kì í dákẹ́. Ẹ gbé ẹran náà sórí àwo tán, omi á tún máa rọra sun lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti gbó. Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì, ló gbé e jáde nínú ìwé tó kọ lórí oúnjẹ ní 1847, àwọn alásè sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní 1865, wọ́n fi orúkọ Liebig kan náà dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń ta omi ẹran tí wọ́n sè títí tó fi ki. Ó jọ pé èyí tiwọn ráyè jáde. Harold McGee ará Amẹ́ríkà, tó ń kọ̀wé lórí sáyẹ́ǹsì oúnjẹ, já ọ̀rọ̀ náà ní koro ní 1984, síbẹ̀ kò kú.

Ibi tó ti ń bí mi nínú jù ni ọbẹ̀ bọ́tà yẹn gan-an. Tí wọ́n bá ti kó adìẹ kúrò, ẹ wo ìsàlẹ̀ páànù: nǹkan pupa kan á ti lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n á da omi díẹ̀ sí i, wọ́n á fi ṣíbí onígi họ ọ́, wọ́n á fi bọ́tà, aáyù àti táìmù sí i, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á mi orí. Níbo ni nǹkan pupa yẹn ti wá? Omi ara adìẹ tó jáde ni. Omi inú rẹ̀ ló gbẹ, èyí tó kù ló pọ́n. Ẹni tó ní omi kò jáde ló ń fi omi tó jáde se ọbẹ̀, ó tún ń pọ́n ọn lé! Àwọn ìyá wa tó ń bọ adìẹ kí wọ́n tó dín in kò jẹ́ sọ irú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé omi ti jáde, òun ni wọ́n fi ń se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù.

Ohun tí àwọn tó ń sọ pé omi há sínú kò mọ̀ ni pé ojú ẹran kọ́ ni ilẹ̀kùn. Bí inú ẹran bá ṣe ń gbóná ni àwọn fọ́nrán rẹ̀ ń sún kì, wọ́n á máa fún omi jáde bí ẹni fún aṣọ. Èèpá pupa tó wà lójú rẹ̀ kò lè dá a dúró. Àyà adìẹ tí ẹ bá sè kọjá ààlà á gbẹ, ì báà pọ́n bí wúrà.

Ṣé kí a má dín in mọ́ ni? Rárá o. Pípọ́n yẹn ló ń mú adùn wá. Louis-Camille Maillard, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Faransé, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1912. N kò sì ní pe ẹni tó sọ pé adìẹ tòun tó kọ́kọ́ dín lómi lẹ́nu jù ní òpùrọ́. Ó ṣeé ṣe kí òórùn rẹ̀ mú itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀, kó rò pé omi ẹran ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni ẹni tó rí ojú tó pọ́n tó sì rò pé ó ti jinná, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá eegun. Ẹ ki tẹmómítà bọ ibi tó nípọn jù, kó má kan eegun, kó pé 74°C. Bọ́tà àti aáyù, ìgbà tó bá kù díẹ̀ ni kí ẹ fi sí i. Èyí tó jẹ́ wàrà nínú bọ́tà tètè ń jóná, aáyù tó bá jóná á sì korò.