Ibi Tí Ìwúwo Revolver Kékeré Ń Lọ

Bí ọ̀rọ̀ ìbọn ìléwọ́ bá délẹ̀ láàárín àwọn ará Èkó tí mọ̀lẹ́bí wọn wà ní Texas tàbí Georgia, ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n máa ń gba ara wọn: ra revolver (ìbọn ìléwọ́ tí ọta rẹ̀ máa ń wà nínú sìlíńdà, àgbá kékeré tó ń yí) tó fúyẹ́ jù fún ìyàwó, kékeré ni, kò ní ni ín lára. Ìmọ̀ràn yìí kò dára rárá, ó sì ti tàn ká jù. Ìwúwo tí wọ́n bá yọ kúrò lára revolver kì í ṣe òfo. Ẹlòmíì ló máa rù ú: ìka tó ń fa tírígà, àtẹ́lẹwọ́ tó di èèkù mú, àti àwọn ọta tó ṣì wà nínú sìlíńdà tí kò tíì kàn wọ́n.

Fún ẹni tó ń gbé Sùúrùlérè tàbí Ọbáléndé, ọ̀rọ̀ rírà kò tiẹ̀ sí níbẹ̀. Òfin Firearms Act ti 1959 ka revolver àti pistol (ìbọn ìléwọ́ tí kò ní sìlíńdà) mọ́ ìbọn tí a fòfin dè ní Nàìjíríà. Àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún ní ìwé àṣẹ. Ní Texas, láti oṣù kẹsàn-án 2021, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 tí òfin kò sì kà á léèwọ̀ fún lè gbé e pamọ́ sára láìgba láísẹ́ǹsì. Àmọ́ ẹni tó fi físà ìbẹ̀wò wọ Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ gbà pé òun náà wà nínú wọn: òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á láyè, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀.

Díẹ̀ nínú oríṣi tó wà nìyí. Smith & Wesson, ilé iṣẹ́ ìbọn ní Amẹ́ríkà, gbé Chief's Special jáde ní 1950: ọta márùn-ún, irú kátíríìjì tí wọ́n ń pè ní .38 Special, ọ̀pá ìbọn tí kò pé íńṣì méjì. Irin ni látòkèdélẹ̀, ó tó gíráàmù 550. Model 642 wọn, tí férémù (egungun ara) rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, tó bíi 420. Ruger LCR ti .38, tó jáde ní 2009, tí wọ́n fi ike líle ṣe apá kan rẹ̀, kò pé 400. Èyí tó fúyẹ́ jù nínú wọn ni 340PD ti Smith àti Wesson, tí sìlíńdà rẹ̀ jẹ́ títéníọ̀mù, tó ń yin .357 Magnum, kátíríìjì tó lágbára ju .38 Special lọ, tí kò sì ju bíi 325 lọ.

Ìka ló kọ́kọ́ ń jìyà. Tírígà wọn sábà máa ń gba agbára tó tó bíi kílò márùn-ún, nítorí fífà kan ṣoṣo yẹn ló ń yí sìlíńdà, òun ló ń gbé òòlù tó ń mú ọta yìn sẹ́yìn, òun náà ló ń tú u sílẹ̀. Tí a bá fi agbára kílò márùn-ún fa ohun tí kò tó ìdajì kílò, ẹnu ìbọn á yẹ̀ kí ọta tó jáde. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣì í yìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ péré. Ibòmíì tí wọ́n ti ń ṣìṣe ni ìdápadà tírígà. Bí ìka kò bá jẹ́ kó padà dé ìdí kó tó tún fà á, tírígà lè gan, tàbí kí sìlíńdà fo ọta kan kọjá.

Àtẹ́lẹwọ́ ló tẹ̀ lé e. Ọta gíréènì 158 (gíréènì ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta) tí ìbọn irin yìn, tí Model 642 náà sì yìn ín, ọ̀kan náà ni. Èyí tó fúyẹ́ ló máa yára ta sẹ́yìn jù. Tí a bá wá ki Magnum sínú 340PD, agbára tó ń padà wá gbá ọwọ́ lè tó ìlọ́po mẹ́ta ti 642. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré ni wọ́n sì máa ń sáré rà á fún.

Inú sìlíńdà gan-an ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń sọ pé revolver kì í há kò wò. Kátíríìjì kan ní èèpo idẹ, ẹ̀tù nínú rẹ̀, ọta lẹ́nu rẹ̀. Nílé iṣẹ́, wọ́n máa ń fún ẹnu èèpo mọ́ ọta lára yíká, fífún yẹn ló dì í mú. Nígbà tí ọta kìíní bá jáde, ìbọn á ta sẹ́yìn, sìlíńdà á sì fi etí ìdí èèpo mẹ́rin tó kù wọ́ wọn lọ. Ọta tó wà lẹ́nu wọn ò fẹ́ bá wọn lọ.

Ẹni tó bá ti wà lórí ìdúró nínú BRT ní Ọjọ́ta rí, tí dírẹ́bà já ọkọ̀ gbà lójijì, mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ ti lọ, ara èrò fẹ́ kù sẹ́yìn. Ẹni tó gbá irin orí mú bá ọkọ̀ lọ. Ẹni tó fi ìka méjì kàn án ti gun ará ẹ̀yìn lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ tó kún bámúbámú kì í lè ṣí lójijì bí èyí tó ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn irin rí sí ìbọn alumíníọ̀mù. Èrò tó sanra máa ń fa ọwọ́ ara rẹ̀ ju ẹni tínrín lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọta tó wúwo. Bí dírẹ́bà bá sì já ọkọ̀ gbà báyìí ní ìdúró mẹ́rin léraléra, ọwọ́ tó yọ̀ díẹ̀ ní Maryland lè tú pátápátá ní Fádéyí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọta karùn-ún ló máa ń fa wàhálà jù: ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti já a gbà.

Tí ọta náà bá yọ jáde kọjá ojú sìlíńdà, tí sìlíńdà sì fẹ́ yí, orí ọta á kọ́ férémù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá. Tírígà ò ní lọ mọ́. Pistol tó há, ọwọ́ kan lẹ́yìn rẹ̀ sábà máa ń tú u. Èyí kò ní irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n rí ọ̀nà ti ọta padà sínú èèpo.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Mú kátíríìjì márùn-ún láti inú páálí kan náà, fi calliper wọn gígùn ọ̀kan, kí o sì fi báírò sàmì sí i nídìí. Nígbà tí o bá ń pa sìlíńdà dé, èyí tó wà lókè pátápátá, níwájú òòlù, ló máa kàn gbẹ̀yìn, torí náà ibẹ̀ ni kí èyí tó lámì wà. Yin mẹ́rin ní ibi ìdánrawò, yọ karùn-ún, tún un wọ̀n. Bó bá ti gùn sí i, irú kátíríìjì yẹn kò bá ìbọn yẹn mu, bó ti wù kó wọ́n tó. Tún un ṣe nígbàkigbà tí o bá pààrọ̀ irú kátíríìjì. Ọta òjé tí kò ní bàbà lára ló máa ń yọ̀ jù tí ẹ̀tù rẹ̀ bá le.

Wadcutter gíréènì 148, ọta tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ ìyọnu yìí. Òjé ni òun náà, ṣùgbọ́n ẹ̀tù rẹ̀ rọ̀, gbogbo ọta sì rì sínú èèpo. Hollow-point tí wọ́n ń pariwo rẹ̀, ọta tí ihò wà lórí rẹ̀ kó lè ṣí nígbà tó bá wọlé, sábà máa ń kùnà láti ṣí nígbà tó bá ti inú ọ̀pá kúkúrú jáde gba inú aṣọ, wadcutter kò sì nílò kó ṣí kó tó gé ihò tó pé. Model 642 pẹ̀lú rẹ̀ mọ́gbọ́n dání: òòlù rẹ̀ wà nínú, kò ní kọ́ aṣọ, ó sì ṣeé fi dánra wò léraléra. 340PD tó ń yin Magnum jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó wúni lórí, àmọ́ ìbọn tí olówó rẹ̀ ń bẹ̀rù láti yìn kò wúlò fún un.

Tí àpò ṣòkòtò ni yóò máa wà, inú àkọ̀ tó bo tírígà pátá ni kó wà, kí ohunkóhun mìíràn má sì wọ àpò yẹn, àní kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí a bá sì ń yọ èèpo, ẹnu ìbọn gbọ́dọ̀ kọjú sókè, kí a sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ọ̀pá ìtì, èyí tó ń ti èèpo jáde nínú sìlíńdà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú agbára, torí ó kúrú ju kó ti èèpo jáde tán lọ. Bí ẹnu ìbọn bá dojú kọlẹ̀, ẹ̀tù tí kò jóná á wọ abẹ́ ìràwọ̀ tó ń ti èèpo jáde, sìlíńdà ò sì ní pa dé mọ́ títí wọ́n á fi fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá a mọ́.